Ẹ̀bùn Kérésìmesì Láti Ọwọ́ Ara Wa: Bí A Ti Lè Ṣe Ọdún Láìjẹ Gbèsè

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń gbẹ, tí eruku sì ń bà lé ewé, ohun méjì ni ó máa ń wọ ọkàn àwọn òbí lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ayọ̀ pé ọdún Kérésìmesì ti súnmọ́ tòsí. Èkejì ni ìṣirò: aṣọ àwọn ọmọ, ìrẹsì, adìẹ, owó ọkọ̀ sí ilé, àti ẹ̀bùn. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀bùn ni ó máa ń fa ìrònú jù, nítorí pé aṣọ àti oúnjẹ ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú wọn ń wo ọwọ́ ẹni kò níye: òbí, àna, ọ̀gá ibi iṣẹ́, olùkọ́ àwọn ọmọ, aládùúgbò, àti àlùfáà pàápàá.

Ní oṣù Kìíní ọdún kan, obìnrin kan nínú ìjọ tí a ń ṣe àbójútó rẹ̀ nígbà náà wá bá wa ní ilé àlùfáà. Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ti dá ọmọ rẹ̀ méjì padà láti ilé-ẹ̀kọ́ nítorí owó. Nígbà tí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èsúsú tí ó kó ní oṣù Kejìlá, ó dáhùn pé, "Bàbá, agbọ̀n ẹ̀bùn ni mo fi rà. Mẹ́rin ni. Ọ̀kan fún ìyá ọkọ mi, ọ̀kan fún ọ̀gá mi, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi tí ó gbà mí sílé nígbà kan." Ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀kẹrin ni mo gbé wá fún yín."

A rántí agbọ̀n náà dáadáa. Ọ̀rá dídán ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì so rìbọ́nnì pupa mọ́ ọn lórí. Ó ṣì wà lórí tábìlì ní yàrá ìgbàlejò wa ní ọjọ́ tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ yìí. A kò tíì tú u. Àwa tí a ti wàásù lórí ibùjẹ ẹran ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, àwa náà ni a gba owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀.

A ṣe ohun tí ó yẹ nípa owó ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ọlọ́run sì ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti yé wa pé kò tó kí a máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má jẹ gbèsè. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó má gba ọ̀nà kan, ó yẹ kí a fi ọ̀nà mìíràn hàn án. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo ààyè tí a fún wa nínú ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí láti ṣe àlàyé àwọn ẹ̀bùn tí òbí àti ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí kò ní gba owó púpọ̀, tí kò sì ní dójú ti ẹni tí ó fún ni tàbí ẹni tí ó gbà á.

Ẹ̀bùn àwọn tí kò ní lọ́wọ́

Bí a bá ń sọ nípa ẹ̀bùn Kérésìmesì, àwọn amòye láti ìlà-oòrùn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rántí, pẹ̀lú wúrà àti tùràrí àti òjíá wọn. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀, Lúùkù kò sì sọ fún wa pé wọ́n gbé ohunkóhun lọ́wọ́. Wọ́n wá, wọ́n rí, wọ́n sì ròyìn ohun tí wọ́n rí. Ìyẹn ni ẹ̀bùn tiwọn.

Ohun mìíràn wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dúró lé lórí. Nígbà tí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ Màríà pé, òun àti Jósẹ́fù gbé ọmọ náà lọ sí Tẹ́ḿpìlì. Òfin Mósè béèrè ọ̀dọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìyá tí ó bímọ, ṣùgbọ́n ó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a láti mú ẹyẹ méjì wá. Ẹyẹ ni wọ́n mú wá. Èyí já sí pé ilé tí a ti tọ́ Olùgbàlà aráyé dàgbà kò ní owó ọ̀dọ́ àgùntàn. Kí òbí tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ ní oṣù Kejìlá mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ rere ni òun wà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Hánà. Lẹ́yìn tí ó ti fi Sámúẹ́lì fún Olúwa ní Ṣílò, ọdọọdún ni ó máa ń rán ẹ̀wù kékeré kan lọ fún un. Ọmọdé a máa dàgbà. Ẹ̀wù èṣí kò lè bá a mu lọ́dún yìí. Nítorí náà, bí Hánà bá fẹ́ gé aṣọ, ó ní láti jókòó kí ó ronú bí apá ọmọ náà yóò ti gùn tó, bí èjìká rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó. Ìrònú yìí gan-an jẹ́ apá kan nínú ẹ̀bùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dọ́káàsì ní Jọ́pà: nígbà tí ó kú, ẹ̀wù tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó ń fi han Pétérù pẹ̀lú omijé.

Láti inú ìtàn wọ̀nyí a rí i pé ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ní ohun méjì tí ọjà kì í tà: àkókò ẹni tí ó ṣe é, àti ìrònú rẹ̀ nípa ẹni tí ó ṣe é fún.

Bí ọdún ti rí láàárín wa

Ní ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS jọ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1843, Henry Cole ní London ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì Kérésìmesì tí wọ́n tẹ̀ fún títà. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ẹyọ kan rẹ̀, owó tí kì í ṣe kékeré lójú alágbàṣe ìgbà náà. A lè sọ pé ọdún Kérésìmesì láàárín wa àti káàdì rírà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe káàdì ni àwọn òbí wa fi ń ṣọdún. Abọ́ ni. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún rántí bí a ti ń gbé abọ́ tánńganran tí a fi aṣọ funfun bò láti ilé dé ilé ní ọjọ́ Kérésìmesì, pàápàá jù lọ lọ sí ilé àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í dá abọ́ náà padà lófo. Ohun tí a sè nílé ni a fi ń tọrẹ. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè iye tí ó jẹ́. Nítorí náà, àbá tí a fẹ́ dá yìí kì í ṣe àṣà àjèjì. À ń padà sí ojú ọ̀nà tí a ti ń gbà tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun jíjẹ tí kì í tètè bàjẹ́

Èyí tí ó rọrùn jù ni chin-chin. Fún fúláwà kílò 1, a óò lo bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 200, ẹyin 2, ife mílíìkì kan tí kò kún, ariwo díẹ̀ tí a rin, àti iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè bù. Bọ́tà ni kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún mọ́ fúláwà títí yóò fi dà bí gaàrì tí a wọ́n omi sí. Lẹ́yìn náà ni kí a da ṣúgà, ariwo àti iyọ̀ sí i, kí a tó wá fi ẹyin àti mílíìkì pò ó. Kí a má da mílíìkì náà sí i tán lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀, nítorí èyí tí ó bá rọ̀ jù yóò mu òróró. Kí a yí i pẹlẹbẹ, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a sì dín in lórí iná tí kò pọ̀ jù. Bí òróró bá gbóná jù, ẹ̀yìn yóò pupa kí inú tó gbẹ, omi tí ó kù nínú rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di rírọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí a tó kó o sínú ìgò. Bí a bá dé e ní gbígbóná, ooru rẹ̀ yóò di omi lára ìgò, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwa náà ti kó gbígbóná sínú ìgò rí nítorí ìkánjú, gbogbo rẹ̀ ni a sì kó dànù.

Ìkejì ni ẹ̀pà sísun inú ìgò. Kí a kọ́kọ́ ṣà á dáadáa lórí atẹ. Ẹ̀pà tí ó bá ti hu olú, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, tàbí tí ó ti hunjọ, kí a sọ ọ́ nù, nítorí oró tí ó máa ń wà nínú irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ kì í kú sínú iná. Kí a da omi gbígbóná tí a ti po iyọ̀ sí lé èyí tí ó dára lórí, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sẹ́ omi rẹ̀ dànù, kí a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí a sun ún nínú iyanrìn mímọ́ tàbí iyọ̀ tí ó ti gbóná nínú agbada, láìdáwọ́ ríro dúró. Nígbà tí ó bá tutù, kí a bó o, kí a fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, kí a rọ ọ́ sínú ìgò tí ó gbẹ, kí a sì dé e pinpin. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn bíbó àti fífẹ́ yìí púpọ̀. Kí a ṣáà mọ̀ pé díẹ̀ yóò bá wọn lọ.

Àkíyèsí kan: àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà, ó sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Kí a béèrè kí a tó fún ọmọ ọlọ́mọ.

Òróró àti ọṣẹ

Ní àkókò ọyẹ́, kò sí ẹni tí kò nílò ohun tí yóò fi pa ara. Òróró àgbọn tí a ṣe nílé jẹ́ ẹ̀bùn tí ó bá àsìkò mu. Kí a fọ́ àgbọn, kí a rin ẹran inú rẹ̀, kí a da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí a fi ọwọ́ pò ó dáadáa, kí a sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Kí a gbé omi funfun tí a rí kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ yóò léfòó, omi yóò wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá yìí ni kí a bù sínú ìkòkò, kí a sì sè lórí iná díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa hó bí ọbẹ̀ nítorí omi tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí híhó náà bá rọlẹ̀, tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì pupa nísàlẹ̀, omi ti tán nìyẹn. Kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí a sẹ́ ẹ. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí omi tó tán, òórùn rẹ̀ yóò yí padà láìpẹ́. Òróró tí a óò rí kò ní pọ̀ tó bí a ti lérò, nítorí náà ìgò kéékèèké ni kí a fi pín in.

Ní ti ọṣẹ dúdú, a kò gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń sè pọ̀ mọ́ àdín tí a ń rí lára ẹ̀kùrọ́. Omi eérú yìí a máa jó ènìyàn lára, iṣẹ́ àwọn tí ó ti mọ́ lọ́wọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n a lè ra ọṣẹ dúdú tí kò ní àdàlú lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà, kí a gún un, kí a fi oyin díẹ̀ àti òróró àgbọn tí a ti ṣe pò ó, kí a sì di í sínú ike kékeré tí ó ní ìdérí. Kí ìdérí náà le, nítorí ọṣẹ dúdú a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, a sì máa rọ̀. Ọṣẹ kan àti ìgò òróró kan, tí a so pọ̀, ti tó fún ìyá àgbà èyíkéyìí.

Aṣọ tí a fi ọwọ́ pa láró

Àwọn tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta àti Òṣogbo yóò rẹ́rìn-ín sí wa bí a bá fẹ́ kọ́ wọn ní àdìrẹ. Ṣùgbọ́n fún àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí a sọ pé aṣọ ìnujú ni ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òwú funfun yáàdì 1 tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 45 yóò fún wa ní aṣọ ìnujú 9 tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 12, yóò sì ṣẹ́ku àjákù tí a lè fi dán aró wò. Kí a fọ̀ ọ́ kí atẹ̀ rẹ̀ lè kúrò. Bí a bá fẹ́ ṣe oníko, kí a di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso gbígbẹ sínú rẹ̀, kí a sì fi ìko so ó le. Ibi tí a so kò ní mu aró. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni a óò fi ìyẹ́ adìẹ ya sí ara aṣọ, kí a jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó rẹ ẹ́.

Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde láti inú aró èlú, kì í dúdú. Ó máa ń dà bí ewé tí ó ti ń pọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di àwọ̀ aró lójú ẹni. Ọmọ tí ó bá rí èyí kò ní gbàgbé rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nítorí sódà tí a ń pò mọ́ aró òde òní, àgbàlagbà ni kí ó máa fi ọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: kí ọmọ máa so ìko, kí òbí máa rẹ aṣọ.

Káàdì àti lẹ́tà

Bébà líle, pẹ́ńsù àti àwọ̀ díẹ̀ ti tó láti ṣe káàdì. A lè fi ewé sábẹ́ bébà kí a sì fi pẹ́ńsù ra orí rẹ̀ títí iṣan ewé yóò fi hàn. A lè gé ànàmọ́ sí méjì, kí a gbẹ́ ìràwọ̀ sí ojú rẹ̀, kí a kì í bọ inú àwọ̀, kí a sì máa fi lu bébà bí òǹtẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ tí ọjà tẹ̀ jáde lè bá ẹnikẹ́ni mu, nítorí náà kì í sábà bá ẹnìkan mu. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí lẹ́tà náà dárúkọ ohun kan péré tí ẹni náà ṣe, ìgbà tí ó ṣe é, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Kí ọmọ má kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun fún gbogbo ìtọ́jú yín." Kí ó kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣàlàyé ìdá fún mi lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Iṣẹ́ wa ti mú wa bá ọ̀pọ̀ ẹbí palẹ̀ ẹrù òkú mọ́. Nínú àpótí olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, a kò rí ìwé ilẹ̀, a kò sì rí owó. Ohun tí a rí tí a fi aṣọ wé ni káàdì mẹ́ta tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ọwọ́ yà. Ọ̀kan nínú wọn ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Ìwé oríkì

Nínú gbogbo ẹ̀bùn tí a mẹ́nu kàn, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni a kò ní lè rà mọ́ bí àkókò bá kọjá. Kí ọmọ ra ìwé ìkọ̀wé kan, kí ó jókòó ti bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, kí ó sì kọ oríkì ìdílé sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ fóònù bá wà, kí ó kọ́kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, nítorí àgbàlagbà tí a bá ń dá dúró ní ìlà kọ̀ọ̀kan yóò gbàgbé ibi tí ó dé. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye, kí ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kí ó kà á fún wọn láti ṣàtúnṣe, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó kì í, ìlú, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Kí ó kọ oríkì orílẹ̀, kí ó sì kọ oríkì àbísọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé: ta ni Àjàní, ta ni Àṣàkẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a óò fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, títí kan àwọn tí wọ́n wà ní London àti Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn Kristẹni kan ń bẹ̀rù oríkì nítorí orúkọ òrìṣà tí ó lè wà nínú rẹ̀. A kì í bọ ohun tí a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀yọ́, kọ nípa oríkì àti orílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní 1897. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù ní Ìlú Ọba, ó sì kú ní 1901 láìfojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí ó jẹ́ oníṣègùn, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó fi jáde ní 1921. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan, kí ni ìbá tún kọ?

Àwa ń sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Àràárọ̀ ni ìyá wa máa ń kì wá bí a bá lọ kí i. A mọ̀wé, a sì ní bébà. Ìwàásù tí a ti kọ kún àpótí. A kò kọ ti ìyá wa. Ìlà mẹ́fà péré ni a rántí lónìí, kò sì sí ẹni tí a lè béèrè ìlà keje lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́

Ọmọ tí kò ní ohunkóhun ní okun. Kí ó gé bébà kéékèèké mẹ́fà, kí ó kọ iṣẹ́ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: omi pípọn, aṣọ fífọ̀, àgbàlá gbígbá, Bíbélì kíkà fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kí ó fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé fún ìyá àgbà. Nígbàkígbà tí ìyá bá yọ ọ̀kan jáde, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe é láìkùn. Kí òbí rí i dájú pé ó mú ìlérí náà ṣẹ, nítorí ẹ̀bùn tí a ṣèlérí tí a kò san, gbèsè ni òun náà.

Dídì rẹ̀ àti ètò àkókò

Kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìgò àti agolo láti oṣù Kẹwàá. Kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí a sì sá wọn sí oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ. Àjákù aṣọ àǹkárá lọ́wọ́ aránṣọ ni kí a fi bo ìdérí, kí a fi ìko so ó. Kí a kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a ṣe é sí ara rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, kí a kọ oríkì, kí a sì rẹ aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá, kí a ṣe òróró àti ọṣẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí a ṣe káàdì, kí a sì kọ lẹ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí a sun ẹ̀pà, kí a sì dín chin-chin. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ di ọjọ́ 23, ìyá ilé nìkan ni yóò ṣe é, inú rẹ̀ kò sì ní dùn sí ọdún.

Kí a má sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí di ìdíje. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìgò olówó iyebíye láti fi di ẹ̀pà, a ti padà sí ibi tí a ti kúrò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹni tí Ọlọ́run fún ní owó má fi àpilẹ̀kọ yìí bo ahun mọ́lẹ̀. Kí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kan pẹ̀lú ìgò chin-chin rẹ̀. Ní tiwa, ẹ̀yin àlùfáà àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba kí oṣù Kejìlá tó dé pé a kò retí agbọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń gbà ni ó lè tú ẹni tí ń fúnni sílẹ̀.

Ní Kérésìmesì tí ó tẹ̀ lé èyí tí a sọ nípa rẹ̀, obìnrin náà tún wá sí ilé àlùfáà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí àbúrò ni ó gbé ìgò náà dání, ìgò mílíìkì àtijọ́ tí ó kún fún chin-chin. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ pé kí Bàbá má fún àlejò. A kò fún àlejò. Ọjọ́ kẹta ni a jẹ ẹ́ tán.

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti òbí. Kí Olúwa tí ó gba ẹyẹ méjì lọ́wọ́ Jósẹ́fù àti Màríà gba ti ọwọ́ wa náà. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà. Àmín.